Ìjà Tí Git Kò Lè Parí

Bí ẹni méjì bá tún ìlà kan náà kọ nínú fáìlì kan náà, tí wọ́n sì fẹ́ pa iṣẹ́ wọn pọ̀, Git, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, á dúró. Kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Á kó ohun tí àwọn méjèèjì kọ sínú fáìlì náà, tẹnì kan lókè, tẹnì kejì nísàlẹ̀, á fi ìlà àmì là wọ́n láàárín, á wá ní kí ènìyàn mú èyí tó tọ́. Kò sí ẹni tó ń fi kóòdù jẹun tí kò tíì bá ara rẹ̀ níbẹ̀ rí. Irinṣẹ́ tí a gbójú lé jù lọ nínú iṣẹ́ yìí mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ó sì ń sọ ọ́ jáde láìtijú.

Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu tiwọn, ẹ ra èyí, ikọ̀ yín á ṣọ̀kan. Ẹ fi tọ̀hún kún un, iṣẹ́ á máa yá. Ilé iṣẹ́ kan lè máa sanwó oṣooṣù lórí Slack, Jira, Zoom àti GitHub, síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má lè là á fún ọ̀gá pé ọjọ́ tó dá fún oníbàárà kò ṣeé ṣe. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn ènìyàn tí kò ríra rí ti ń kọ sọ́fítíwíà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn ti wà nílẹ̀ tó láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: èwo nínú iṣẹ́ àjọṣe ni irinṣẹ́ ń bá wa ṣe, èwo ló sì ń dá padà sọ́wọ́ wa?

Inú aáwọ̀ ni Git fúnra rẹ̀ ti jáde. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní 1991. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ímeèlì ni àwọn ènìyàn fi ń fi àtúnṣe wọn ránṣẹ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ a sì máa lẹ̀ wọ́n mọ́ kóòdù. Nígbà tí ẹrù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó gba BitKeeper ní 2002, irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan ń tà, àmọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ará Linux lọ́fẹ̀ẹ́. Inú àwọn kan kò dùn sí i rárá. Wọ́n ní báwo la ṣe máa kọ sọ́fítíwíà tí gbogbo ayé lè tú wò, ká wá máa fi irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú wò kọ ọ́? Nígbà tó yá, Andrew Tridgell, ará Ọsirélíà tó kọ sọ́fítíwíà Samba, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irinṣẹ́ tó lè bá BitKeeper sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ. Ilé iṣẹ́ náà bínú, wọ́n gba ọ̀fẹ́ wọn padà ní 2005. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún náà, Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n fi gbé Linux 2.6.12 jáde. Ní oṣù keje, Torvalds gbé Git lé Junio Hamano lọ́wọ́, ó sì padà sídìí Linux rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fẹ́ràn ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé ó dùn-ún gbọ́: akọni kan jókòó, ó dìde, ayé yí padà. Oṣù keje ló wù mí jù ní tèmi. Ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀, tó sì tètè rí i pé ẹlòmíràn lè tọ́jú rẹ̀ ju òun lọ, ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Torvalds lo oṣù díẹ̀ lórí Git. Hamano ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ Hamano ni Git ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò, orúkọ Torvalds ni wọ́n sì ń dá.

Ohun tí Git mú wá ni pé kò sí ẹnì kan tó dá ìtàn iṣẹ́ náà ní. Ẹnikẹ́ni tó bá da iṣẹ́ náà kọ ló ní gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì lè máa kọ, kó máa fi pamọ́, kó máa yẹ ohun àná wò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. A rí ìwúlò èyí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú láti Gánà dé Nàìjíríà. Báńkì ń kọsẹ̀, áàpù kò lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Git lè máa bá a lọ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ojú-ìwé tó gbọ́dọ̀ ṣí láti Amẹ́ríkà kò rí nǹkan kan ṣe. Níbi tí iná kì í dúró, tí dátà sì wọ́n, irinṣẹ́ tó lè dá dúró bọ̀wọ̀ fún ènìyàn ju èyí tó lẹ́wà lọ.

Àwa tí à ń fi Yorùbá kọ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà tún ní wàhálà tiwa lọ́tọ̀. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ọ̀nà méjì ló wà tí a lè gbà tẹ ọ: kó jẹ́ àmì kan ṣoṣo, tàbí kó jẹ́ o lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún. Fi ohùn òkè lé e, kó di ọ́, kò tiẹ̀ ní àmì odindi tirẹ̀ rárá. Àkópọ̀ ló máa ń jẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni lẹ́tà kan, ọ̀nà yòówù tí a bá gbà tẹ̀ ẹ́. Lójú Git, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀nà náà. Bí mo bá fi kíbọọ̀dù kan tẹ “ọjà”, tí alábàáṣiṣẹ́ mi wá fi òmíràn tún un tẹ̀, Git á pariwo pé ìlà náà ti yí padà, àwa méjèèjì á sì máa wo ìlà méjì tí ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Irinṣẹ́ wà tó lè sọ wọ́n di irú kan. Àmọ́ ikọ̀ ló máa kọ́kọ́ fẹnu kò lórí irú èyí tí wọ́n fẹ́, Git kò lè bá wọn pe ìpàdé yẹn.

GitHub ló gbé ọ̀rọ̀ wá sídìí kóòdù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Microsoft kéde pé òun máa fi bílíọ̀nù 7.5 dọ́là rà á. Git ti lè pa iṣẹ́ pọ̀ kí GitHub tó dé. Ohun tí GitHub fi kún un ni gbàgede tí ẹni tó kọ kóòdù á ti gbé e kalẹ̀ pé ẹ bá mi wò ó, tí àwọn yòókù á máa fi ọ̀rọ̀ sí abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kó tó wọlé. Pull request ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ikọ̀ kan ṣe rí, kó má ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Kó lọ ka ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ní Èkó. Ọ̀gá kan kọ kóòdù tó ń yọ owó nínú àpò oníbàárà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni ètò yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kà á, ó rí i pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí owó ti kúrò, tí oníbàárà rò pé kò lọ, tó wá tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, owó á yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rò pé bí oníbàárà bá tún un tẹ̀ lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, a lè yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà yìí. Àbí mi ò kà á dáadáa ni?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ojo. Ó mọ̀ pé òun kà á dáadáa. Ó fi àyè sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè gbà láìtẹ́ ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá wá dá padà ló kù. Ó lè kọ pé: “O káre. Mi ò rí ibẹ̀ yẹn. Jẹ́ ká fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí èyí tó ti lọ má tún lè lọ mọ́.” Ó sì lè kọ pé: “Ọdún mélòó lo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí?” Bó bá jẹ́ ti èkejì ni, ọmọ yẹn kò ní bá a jiyàn. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọ̀gá wá, á kàn tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí, á kọ “Ó dáa, sà” sí i, á kọjá lọ. GitHub á fi àmì aláwọ̀ ewéko hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Irinṣẹ́ ti ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbọ̀wọ̀ fágbà ló ń pa wá lára nínú iṣẹ́ yìí, pé ó yẹ ká kọ́ bí òyìnbó ṣe ń là á mọ́lẹ̀. Mi ò gbà. Ohun tí ọmọ yẹn kọ pé, ó tọ́, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ìbọ̀wọ̀ ló fún un ní ọ̀nà tó gbà sọ ọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, àkísà ni gbogbo kóòdù tí àgbà ti bà jẹ́ rí, ọ̀gá tó bá sì ń kó tirẹ̀ jáde fún ọmọ iṣẹ́ wò kì í tẹ́. Ẹnu ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ wà, kò sí lẹ́nu ọmọ.

Ìlà-á-mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń yìn fún wa náà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Kò sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú iṣẹ́ Linux, ẹnikẹ́ni lè kọ ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni. Torvalds fúnra rẹ̀ lókìkí fún èébú tó ń bú àwọn tí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn kan sì ti torí rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó ní òun kò mọ bí a ṣe ń lóye ìmọ̀lára ẹlòmíràn tó, òun sì ń lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ó fi Linux sílẹ̀ fún ẹlòmíràn fún ìgbà díẹ̀, ó padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Láàárín ìgbà kan náà ni iṣẹ́ náà gba ìlànà ìwà tuntun. Ariwo pọ̀: wọ́n ní kóòdù á bàjẹ́ bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ tútù bára wa sọ̀rọ̀. Kóòdù kò bàjẹ́. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ẹni tó dá Git sílẹ̀ ló nílò ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn Git kó tó rí ibi tí ìṣòro yòókù wà.

Ẹni tó ti rí ibẹ̀ ṣáájú kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Amy Edmondson, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ṣe ìwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Ó rò pé ikọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní ìrẹ́pọ̀ jù ni àṣìṣe wọn máa kéré jù. Ìwé wá fi hàn pé àwọn gan-an ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e: àṣìṣe wọn lè má pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni. Níbi tí ọ̀gá ti ń jágbe mọ́ ènìyàn, àṣìṣe ń wáyé, ìwé ò sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1999 ó tẹ ìwádìí lórí ikọ̀ òṣìṣẹ́ jáde, ohun tó tẹnu mọ́ ni ìfọ̀kànbalẹ̀: kí ènìyàn lè béèrè, kó lè jẹ́wọ́, kó lè ta ko ọ̀gá, kó má sì bẹ̀rù pé wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó di 2012, Google bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ lórí ikọ̀ tó lé ní 180 nínú ilé iṣẹ́ náà, láti mọ ohun tó mú kí àwọn kan yàtọ̀. Wọ́n wo ìwé ẹ̀rí, wọ́n wo ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ẹni tó jókòó ti ta ni. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kan náà yẹn ló jáde lókè. Mo fẹ́ràn ẹ̀rí yìí nítorí ibi tó ti wá: kò sí irinṣẹ́ tí owó lè rà tí Google kò ní, irinṣẹ́ kan náà sì ni ikọ̀ tó dáa àti èyí tí kò dáa níbẹ̀ ń lò.

Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017 fi hàn wá bí ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ṣe ń rí nígbà tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. GitLab, orogún GitHub, ní sáfà dátábéèsì méjì: èyí tí àwọn oníbàárà ń lò, àti èkejì tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Èkejì ti dákẹ́ ẹ̀dà ṣíṣe. Òṣìṣẹ́ kan tí ilẹ̀ ti ṣú bá, tó tiẹ̀ ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, jókòó tì í, ó gbìyànjú títí, ó ní kóun nu èkejì náà mọ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó tẹ àṣẹ ìparẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó rí i pé orí sáfà àkọ́kọ́ lòun wà. Ó dá a dúró. Nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 ló ṣẹ́ kù.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́? Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti fi dáàbò bo dátà náà, kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé lóru ọjọ́ yẹn. Èyí tó yẹ kó máa lọ sí Amazon lójoojúmọ́ ti ń kùnà láìsí ẹni tó mọ̀, torí pé irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà náà kò bá irú dátábéèsì tí wọ́n ń lò mu. Irinṣẹ́ náà ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé òun ń kùnà. Ibi tí ímeèlì náà ń lọ kò gbà á wọlé. Ohun tó kó wọn yọ ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí ohun mìíràn tó fẹ́ dán wò.

GitLab kò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìgbésẹ̀ wọn sí fún gbogbo ayé, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ àtúnṣe náà hàn lórí YouTube bó ṣe ń lọ. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, wọn kò dárúkọ òṣìṣẹ́ náà. Ìbéèrè wọn ni pé kí ló jẹ́ kí sáfà méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀, ta ló ni ojúṣe àtidán ẹ̀dà ìpamọ́ wò, kí ló dé tí kò sí ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìtàn yìí yin ìṣípayá. Èmi náà yìn ín, pẹ̀lú ìwọ̀n. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà ti lọ: ó kan nǹkan bí 5,000 iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń ṣe níbẹ̀, nǹkan bí 5,000 ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ, nǹkan bí 700 àkáǹtì tuntun. Ìṣípayá kò dá a padà. Ohun tó ṣe ni pé òṣìṣẹ́ yẹn dá àṣẹ náà dúró, ó sì tètè ké síta, dípò kó máa wá bó ṣe máa bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan sí i.

Ẹ fi Knight Capital wé e. Ilé iṣẹ́ tó ń ra tó sì ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, wọ́n gbé kóòdù tuntun sórí sáfà méje nínú mẹ́jọ, wọ́n gbàgbé ìkẹjọ. Kóòdù àtijọ́ tó wà lórí ìkẹjọ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra, ó ń tà. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ yẹn, ètò wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ka sí àṣìṣe náà. Kò sí ẹni tó kà á sí ìkìlọ̀. Nínú ìtàn méjèèjì, irinṣẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láti gbọ́ ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ẹrù, mo sì rò pé a kì í sọ ọ́ tó. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kò lè ràn ẹni tó dá nìkan ru nǹkan tí gbogbo ayé ń jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n rí àlàfo kan nínú OpenSSL tí wọ́n pè ní Heartbleed. OpenSSL ló ń ti ilẹ̀kùn fún ìdá ńlá nínú íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì àti ìjọba ń lò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló sì fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ọrẹ tó ń wọlé lọ́dún kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ọ̀gbẹ́ni kan tí inú bí yọ left-pad, kóòdù ìlà mọ́kànlá péré, kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń pín kóòdù fúnra wọn, iṣẹ́ káàkiri ayé sì dúró fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó kò mọ̀ pé àwọn ń lò ó.

Ti xz ló burú jù. Irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré ni, ó wà nínú Linux káàkiri. Lasse Collin, ará Finland, ló ń tọ́jú rẹ̀, láìgba owó. Ní nǹkan bí 2021, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́, iṣẹ́ gidi tó wúlò. Ní 2022, àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Collin: iṣẹ́ yìí ti pẹ́ jù, kí ló dé tí o kò gbé e fún ẹlòmíràn? Collin dá wọn lóhùn ní gbangba pé ọkàn òun kò fi bẹ́ẹ̀ lálàáfíà láti ìgbà pípẹ́, pé iṣẹ́ ìfẹ́ inú lòun ń ṣe, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Kò dá wọn dúró. Díẹ̀díẹ̀, Jia Tan gba àṣẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, xz 5.6.0 jáde pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú rẹ̀, tó lè jẹ́ kí ẹni tó ṣe é wọ sáfà ẹlòmíràn.

Andres Freund ló tú u fó. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ààbò. Dátábéèsì Postgres ló ń bá Microsoft ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yára tó, ó wá rí i pé wíwọlé sí sáfà ti fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Òun tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé inú xz, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, kí ilẹ̀kùn náà tó dé orí ọ̀pọ̀ sáfà tó ń ṣiṣẹ́ gidi lágbàáyé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé kò sí nínú kóòdù, ó wà lára ẹnì kan tó ti rẹ̀. Git gba gbogbo ohun tí Jia Tan fi sínú rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí; kò lè sọ fún wa pé ẹni ibi ni. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá wà tó ń gba owó ìtọ́jú xz, tí ọ̀kan lè sinmi kí èkejì máa wò ó, àwọn tó ń fi ímeèlì halẹ̀ yẹn kì bá rí ibi tẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lò ó ló lówó rẹ̀.

Ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn wọlé ni. Láti ìgbà tí Andela, ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn tó ń kọ kóòdù pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti ń jókòó sílé kọ kóòdù fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní San Francisco jẹ́ agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Èkó nígbà ooru wọn, ó jẹ́ mẹ́fà nígbà òtútù. Bí ikọ̀ kan bá ń fi ìpàdé orí Zoom ṣe gbogbo ìpinnu, ìgbà tó yẹ kí ọmọ Èkó máa jẹun alẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń kọ ìpinnu sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè kà á láàárọ̀ kó sì dá sí i, ó di ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí àkókò ìpàdé bá rọ̀ lọ́rùn ló máa ń fẹ́ràn ìpàdé jù. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Nínú ilé iṣẹ́ tiwa níbí náà, WhatsApp ló ń wọlé tọ ènìyàn. “Ẹ káalẹ́ o, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu” ní agogo mọ́kànlá alẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ló sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá lè máa sọ pé kò di dandan kí o dáhùn lálẹ́. Bí òun bá ń kọ ọ́ lálẹ́, gbogbo wọn á máa dáhùn lálẹ́.

Bí iṣẹ́ bá wá falẹ̀, ohun tó yá lọ́wọ́ ọ̀gá ni kó gba ènìyàn sí i. Frederick Brooks, tó ṣe olórí iṣẹ́ sọ́fítíwíà OS/360 ní IBM, ti kọ ọ́ ní 1975 pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ti pẹ́, ènìyàn tí a bá fi kún un á tún mú un pẹ́ sí i. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹni márùn-ún ní ọ̀nà mẹ́wàá tí wọ́n lè gbà bára wọn sọ̀rọ̀, ẹni mẹ́wàá ní 45, àádọ́ta ènìyàn ní 1,225. Slack kò dín ọ̀nà wọ̀nyí kù. Ó kàn jẹ́ kí gbogbo wọn máa dún lẹ́ẹ̀kan náà ni. Láti 2021 tí GitHub ti gbé Copilot jáde, ẹ̀rọ náà tún ń bá wa kọ kóòdù. Ó yá, ó sì wúlò, iṣẹ́ tó ń bí ni pé kóòdù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà ti pọ̀ sí i, àwọn tó ń kà á kò sì pọ̀ sí i.

Ọ̀dọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ kọ kóòdù sábà máa ń béèrè irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń lò. Kò burú. Ìbéèrè mìíràn wà tí mo máa fi ṣáájú bí mo bá wà nípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka ìròyìn tí ẹ kọ nígbà tí nǹkan bà jẹ́ gbẹ̀yìn. Ṣé orúkọ ènìyàn ló kún inú rẹ̀ ni, àbí ohun tí ẹ tún ṣe? Ìgbà wo lẹ dá dátà padà láti inú ẹ̀dà ìpamọ́ yín gbẹ̀yìn, tí kì í ṣe pé ẹ kàn ń ṣe ẹ̀dà? Ta ni fóònù rẹ̀ ń dún lọ́jọ́ Àìkú bí áàpù bá kú, ta ló sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ta ni ẹni tó kéré jù nínú ikọ̀ yín tó ti dá iṣẹ́ ọ̀gá padà lọ́dún yìí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Kí wọ́n sì jẹ́ kó bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ̀gá má sí níbẹ̀.